Ẹ̀kọ Tí Mo Mu Dípò Rẹ

Sidonie, àbúrò mi,

Má jẹ nǹkan kan kí o tó jáde, má sì mu omi. Inú rẹ gbọ́dọ̀ ṣófo kí dókítà Porto-Novo tó lè ki rọ́bà oníná yẹn bọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ, kí ó wo ibi tí ẹ̀jẹ̀ tí ò ń bì ti ń wá. Ó ti dá wa padà lẹ́ẹ̀kan nítorí ẹ̀kọ Ìyá.

Ìyá tún ti po òmíràn láàárọ̀ yìí. Ó ní, "Ta ló ń fi ebi rán ọmọ lọ sírú ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀? Ṣé ìyàwó bàbá rẹ̀ ni mí ni?" Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ, ó lọ sóko. Mo mu ún tán nígbà tí o ṣì ń sùn. Igbá òfìfo ni yóò bá. Má sọ fún un.

Dárí jì mí nítorí ohun tí mo sọ lánàá, pé kò ní dùn ọ́. Dókítà sọ fún mi pé yóò ni ọ́ lára, èébì yóò sì máa gbé ọ, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́. Nígbà tí wọ́n ní kí Marguerite ìyàwó mi wá ṣe é, ó ní ẹ̀rù ń ba òun, mo sì jẹ́ kí ó jókòó sílé. Mo rò pé ìfẹ́ ni. Ó pé ọdún kan lọ́jọ́ Àìkú tí a sin ín.

Mo ti lọ gba àyè sílẹ̀ nínú ọkọ̀ Gaston, ibẹ̀ ni mo ti ń dúró dè ọ́. Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, mú ẹ̀rù náà dání, kí o sáà máa bọ̀. Dókítà ti gbà kí n di ọwọ́ rẹ mú títí wọn yóò fi yọ rọ́bà náà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Félicien