Àlejò Rẹ Kò Jẹ Iyán

Igbemo-Èkìtì,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kọkànlá, ọdún 1978.

Àkíbù ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run Ọba kí ó máa bá ọ gbé ní Adó níbẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé ò ń jẹun, ṣé ò ń sùn dáadáa? Ṣé ìyá onílé rẹ ní àdúgbò Adébáyọ̀ ti dákẹ́ ariwo? Bá mi kí i, kí o sọ fún un pé ejò mọ́námọ́ná tí òun ní òun kò lè bá gbé abẹ́ òrùlé kan náà ti ń gbé abẹ́ òrùlé tèmi, òrùlé náà kò sì tíì wó.

Èmi náà wà, mo dúpẹ́. Ìrẹsì ti gbó, a ti kó púpọ̀ wọlé. Sìmíátù àbúrò mi wà lódìkejì àgbàlá, ó ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n sọ fún ọ pé o kò kí òun dáadáa lọ́jọ́ tí o gbé àpótí ejò yẹn sílẹ̀ tí o tún sáré padà sínú mọ́tò.

Àkíbù, ọ̀rọ̀ àlejò rẹ yìí ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé. Lẹ́yìn tí o gbé e dé, kò fi ẹnu kan oúnjẹ, ọkàn mi kò sì balẹ̀ rárá, nítorí o sọ fún mi pé olùkọ́ yín ló fà á lé ọ lọ́wọ́, pé bí nǹkan bá ṣe é, ojú kò ní jẹ́ kí o wọ kíláàsì mọ́. Láti ọjọ́ tí o ti lọ, òun sì ni ohun àkọ́kọ́ tí o gbé fún mi pé kí n bá ọ tọ́jú. N kò fẹ́ kó kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Má rò pé n kò ṣe bí o ṣe wí. O ní kí n má jẹ́ kí òtútù mú un. Oyé ti ń fẹ́ níbí, nítorí náà mo gbé àpótí rẹ̀ sí yàrá mi, mo tan àtùpà tì í, mo fi agbádá tí mo fi ń lọ kí Jímọ̀ bò ó. Ìgò tín-ín-rín tí o fi sínú àpótí, èyí tí o ní ó ń wọn ooru, tí o ní kí n máa wò kí ó má baà lọ sílẹ̀, mo ti fi okùn so ó mọ́ àjà. Kò lè lọ sílẹ̀ mọ́ láéláé. Mo tún ń ṣí rédíò fún un láàárọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ òṣèlú, ńṣe ló máa ń ká jọ roboto bí òṣùká, tí yóò fi orí pamọ́ sáàárín. N kò dá a lẹ́bi.

O ní eku ni oúnjẹ rẹ̀. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n o kò sọ irú ọbẹ̀ tí yóò wà nínú rẹ̀. Mo mọ ejò inú oko, Àkíbù, eku tútù ni wọ́n ń gbé mì. Ṣùgbọ́n èyí tó ti gbé Adébáyọ̀, tí olùkọ́ ń gbé wọ kíláàsì, tí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé kọ́ ọrùn, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo máa ju òkú eku sí bí ológbò? Sìmíátù ní irú ìwà bẹ́ẹ̀ kò sí ní ulé bàbá àwọn. Ó gún iyán, iṣu tuntun, kò ní kókó kankan, ó sì fi eku tí a yan se ẹ̀gúsí. A gbé omi ìfọwọ́ tì í. A jáde kí ojú má baà tì í. Nígbà tí a padà wọlé, omi ìfọwọ́ nìkan ló mu.

Ìwọ náà sì mọ̀ pé bí àlejò bá kọ iyán nílé ará Èkìtì, ẹnìkan ló ti ṣẹ̀ ẹ́. Mo pe ilé jọ kí a wá bẹ̀ ẹ́. Sìmíátù ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀, ó ní kó má bínú pé òun figbe ta nígbà tí òun kọ́kọ́ rí i, pé bí ohùn òun ṣe rí nìyẹn, bí òun ṣe ń kí gbogbo èèyàn nìyẹn. Adébíyìí tó ń rán bàtà níwájú ilé wa wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó jẹ́wọ́ pé lóòótọ́ ni òun ti fi ojú wọn àlejò náà, pé òun rí i pé yóò jáde ní bàtà obìnrin kan àti àpò kékeré, ṣùgbọ́n kó foríjì òun, iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí òun lè wo nǹkan lásán. Àlejò rẹ tún ká jọ. Sìmíátù ní ó jọ pé ti àpò kékeré yẹn ló dùn ún jù.

Lẹ́yìn èyí ni ojú rẹ̀ wá funfun bí ẹni pé wọ́n da omi ẹ̀kọ sí i. Mo gbé e sínú àpò ìrẹsì, ó di ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì bi mí pé ta ni ara rẹ̀ kò yá. Mo ní àlejò ọmọ mi ni. Ó ní kí ló ń ṣe é? Mo ní kò jẹun, ojú rẹ̀ sì ti funfun. Ó ní kí n mú un wá kí òun wò ó. Mo tú ẹnu àpò. Àkíbù, ọmọ yẹn fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀! Ojú fèrèsé ló gbà lọ pe dókítà, kò tilẹ̀ dúró wọ bàtà. Mo jókòó dè wọ́n títí. Àwọn aláìsàn tó kún ibẹ̀ ti lọ tán, mo rò pé ara wọn ti yá, kódà bàbá kan tí wọ́n gbé wá, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi sáré lọ sílé. Ilé ìwòsàn yẹn dára púpọ̀, dókítà wọn nìkan ni n kò rí.

Láìpẹ́ sí i, mo jí láti kírun àsùbáà, mo wo inú àpótí, ó ṣófo. Aṣọ rẹ̀ nìkan ló wà nílẹ̀, láti imú dé ìrù, kò ya níbì kankan. Ejò oko a máa bọ́ tirẹ̀ sínú igbó, ìyẹn mo mọ̀, ṣùgbọ́n mo rò pé ti Adó máa ń gbé tirẹ̀ fún alágbàfọ̀ ni. Mo ní ó parí, àlejò Àkíbù ti bínú lọ, ìhòòhò ló sì wà nínú oyé yìí. Mo kírun, n kò mọ ohun tí mo kà. Kí ni mo fẹ́ wí fún ọmọ mi?

A wá a káàkiri. Sìmíátù ń ké lójú títì pé, Àlejò o, àlejò Àkíbù o, àwọn tó ń lọ sóko sì ń dá a lóhùn pé àwọn kò rí ọkùnrin kankan. Yàrá tí mo kó ìrẹsì sí ni a ti wá rí i, láàárín àwọn àpò, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ara rẹ̀ ń dán bí aṣọ ọdún, ikùn rẹ̀ sì yọ gbọ̀ngbọ̀n. Ìrù eku ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Eku tútù, Àkíbù! Kò sí iyọ̀, kò sí ata! Sìmíátù wò ó títí, ó yí padà, ó wọlé lọ. Kò tíì bá a sọ̀rọ̀ títí di òní. Èmi ní tèmi, mo jókòó sílẹ̀ láàárín ìrẹsì níbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Nítorí náà, fọkàn balẹ̀, ó ti jẹun. Ṣùgbọ́n o ránṣẹ́ pé ọ̀rẹ́ rẹ ni yóò wá bá ọ gbé e. Ìyẹn kò ṣeé ṣe. Àlejò tó bá ti jẹun nílé wa, ẹni tó mú un wá ló gbọ́dọ̀ wá mú un lọ. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o wá. Má sọ fún mi pé mọ́tò ń dúró. Sùn mọ́jú. Sìmíátù yóò gún iyán, kí ó lè rí ẹni tí yóò jẹ ẹ́.

Bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi owó kẹrosíìnì ránṣẹ́ ṣáájú, nítorí àtùpà kan ṣoṣo tó wà nílé, àlejò rẹ ló ń lò ó, ẹ̀gbẹ́ àpótí rẹ̀ ni mo jókòó sí kọ ìwé yìí. Fi owó aṣọ díẹ̀ sí i. Láàárín èmi àti òun, òun nìkan ló wọ aṣọ tuntun lọ́dún yìí.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí oúnjẹ kọ̀ ọ́. Yóò fún ọ ní ilé tìrẹ, níbi tí onílé kankan kò ti ní lé àlejò rẹ síta. Olùkọ́ tó fọkàn tán ọ kò ní kábàámọ̀. Ọ̀nà tí yóò gbé ọ wá sílé kò ní gùn jù. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Múdàṣírù.

Àlejò rẹ kí ọ. Mo bi í bóyá ó ní nǹkan tí ó fẹ́ kí n bá òun sọ fún ọ. Ó yọ ahọ́n, ó tún fà á padà. Ó jọ pé ó fẹ́ kí o dé ná.