Nígbà Tí Ẹyẹ Ọ̀sà Dákẹ́ Lórí Ìtàgé ní Ẹ̀pẹ́

Dádì mi, ẹ̀yin tí mi ò lè pè lórí fóònù mọ́,

Mo kí yín o. Ilé wà bẹ́ẹ̀. Màámi ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì ti kun yàrá yín ní àwọ̀ kan tí ẹ kò ní fẹ́ràn. Kúnlé, àbúrò mi, ti ga jù mí lọ báyìí, ó ti ń wọ bàtà yín, ìyẹn dúdú tí ẹ máa ń nù ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé kí ẹ tó wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ní Ẹ̀pẹ́. Mo fẹ́ bá a jà nítorí rẹ̀, mo tún ro ó pé kí ni bàtà fẹ́ máa ṣe nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mi ò rí ẹni sọ ọ́ fún. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ Màámi, ojú rẹ̀ á yí padà, á ní òun fẹ́ lọ wo ohun tó wà lórí iná, bẹ́ẹ̀ sì rèé kò sí nǹkan kan lórí iná. Ẹ̀yin nìkan ló kù. Ọ̀rọ̀ náà sì kàn yín.

Ṣé ẹ rántí Ẹyẹ Ọ̀sà? Akọrin mi, ọmọ Ẹ̀pẹ́, ẹni tí ẹ máa ń pè ní ọ̀rẹ́ mi. Ẹ á bá mi ní pálọ̀, ẹ á ní, "Ọ̀rẹ́ ẹ yẹn tún ti ń pariwo nínú ilé mi," ẹ á sì jókòó tì mí. Ẹ máa ń sọ pé orin àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò lórí kò nídìí, pé ìlù ló kàn ń lé ọ̀rọ̀ kiri. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń lọ aṣọ yín ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, mo máa ń gbọ́ orin rẹ̀ lẹ́nu yín. Súfèé ni ẹ máa ń fi í ṣe, kí n má baà mọ̀. Mo mọ̀, Dádì. Kí ló dé tí ẹ fi ń fi í pamọ́ fún mi?

Ṣóò àkọ́kọ́ tí mo lọ, nínú gbọ̀ngàn kan ní Lásunwọ̀n, ní Ìkòròdú níbí, ẹ̀yin lẹ mú mi lọ. Ẹ kọ̀ láti wọlé, ẹ ní etí yín kò ṣẹ̀ yín. Ìta ni ẹ dúró sí láàárín àwọn ọmọ tí ẹ lè bí lọ́mọ, ẹ fi àpò mi há abíyá, ẹ mú omi inú ọ̀rá dání. Nígbà tí mo jáde, ohùn mi ti há. Ẹ wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ ní, "Ṣé ó rí ẹ?" Mo ní kò rí mi, èrò pọ̀ jù. Ẹ ní, "A jẹ́ pé ojú ẹ̀ ló fọ́." Mo rẹ́rìn-ín títí a fi délé.

Ẹ bi mí nígbà kan pé kí ni mò ń wá níbi tí wọ́n ti ń tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀, nígbà tí orin náà wà nínú fóònù mi. Mi ò rántí èsì tí mo fún yín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n nísinsìnyí. Nínú fóònù, èmi nìkan ni mò ń gbọ́ ọ. Ní ṣóò, gbogbo èèyàn á mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n tó gbe orin, èmi tí mi ò lè dá ọ̀rọ̀ sọ níwájú àlejò á wá di ẹni tó lóhùn. Mo mọ̀ pé ìwà òmùgọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Lórí ayélujára, àwa tí a fẹ́ràn Ẹyẹ Ọ̀sà àti àwọn tó fẹ́ràn akọrin mìíràn máa ń bú ara wa tìyá-tìyá bí ọmọ bàbá kan tó ń jà sí ogún. Tí orin tuntun bá jáde, ijó rẹ̀ á ti gba ìgboro kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tó yé ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni. Lẹ́yìn tí ẹ lọ, kò sí nǹkan mìíràn tí mo tún fẹ́ràn.

Ẹ ti ṣèlérí fún mi pé lọ́jọ́ tó bá kọrin ní Ẹ̀pẹ́, nílé bàbá tó bí i, ẹ máa mú mi lọ, ẹ sì máa wọlé. Ó wá kọrin ní Ẹ̀pẹ́, Dádì. Ẹ ò sí níbẹ̀.

Èmi àti Ràṣídà, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, la jọ wọkọ̀ láti Ìkòròdú. Orí pápá ni wọ́n ti ṣe é, ní ọ̀sán Sátidé, oòrùn mú gan-an. Àwọn àgbàlagbà gbé àga síwájú ilé wọn kí wọ́n lè máa wòran. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń gbé òórùn ẹja yíyan wá bá wa. Ràṣídà ra fìlà tí wọ́n kọ orúkọ Ẹyẹ Ọ̀sà sí, ó dé e fún mi, ó ní ó yẹ mí ju òun lọ. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí pé inú mi dùn.

Ó jáde, ó kọ orin kan, pápá gbóná. Orin kejì ni "Àbẹ̀kẹ́," ìyẹn tó sọ ọ́ di ẹni ńlá, ìyẹn tí ẹ máa ń fi súfèé ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀: "Àbẹ̀kẹ́, ṣílẹ̀kùn, òjò ń pa mí." A gbè é. Ó yẹ kó bọ́ sí ìlà kejì, kò bọ́ sí i. Ó tún kọ ìlà àkọ́kọ́, a tún gbè é, a rò pé ó ń fi wá ṣeré ni. Ó tún ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣí..." ó dákẹ́. Ó wo máìkì ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i lọ́wọ́. Ìlù ń lọ ní tirẹ̀.

Mo mọ ojú yẹn, Dádì. Ojú yín ni. Ojú tí ẹ fi wò mí láàárọ̀ ọjọ́ tí mo gbé tíì wá fún yín, tí ẹ ń wá orúkọ mi tí ẹ kò rí i, tí ife bọ́ lọ́wọ́ yín, tí ẹnu yín wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo rò pé oorun ló ṣì wà lójú yín lọ́jọ́ náà. A fi omi bọ́ yín lójú, a ní kí ẹ sinmi. Dókítà ló padà sọ fún wa pé rọpárọsẹ̀ ni, pé irú rẹ̀ kì í dúró de èèyàn, kíákíá ni wọ́n ń gbé e wá.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan lẹ́yìn mi pariwo, "Ó ti yó!" Òmíràn ní, "Oògùn ló lò, ẹ wò ó!" Gbogbo ọwọ́ gbé fóònù sókè. Mo di Ràṣídà mú.

"Kò yó o. Wo ẹnu ẹ̀. Àìsàn ló ń ṣe é."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Mo ti àwọn èèyàn, wọ́n ti èmi náà, títí mo fi dé ibi irin tí wọ́n fi dínà iwájú ìtàgé. Géńdé kan wà níbẹ̀ tó kẹ̀yìn sí ìtàgé, tó ń ṣọ́ wa.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wẹ̀yìn. Ẹ wo ẹnu ẹ̀, ó ti wọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù."

"Sísítà, padà sẹ́yìn."

"Rọpárọsẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n! Ó ṣe bàbá mi!"

"Ṣé dókítà ni ẹ́ ni? Mo ní padà sẹ́yìn."

Kì í ṣe èèyàn burúkú. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ni pé kó má wẹ̀yìn. Mo pariwo títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi ń ta mí, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ohùn mi ṣe kéré tó, àwọn gbohùngbohùn tí wọ́n tò síbẹ̀ sì ga ju òrùlé ilé wa lọ. Mo ń na ìka sí ẹnu ara mi, bóyá ẹnì kan lórí ìtàgé á rí mi. Ẹni tó ń tan orin fi orin mìíràn bò ó. Atọ́kùn ètò sáré jáde, ó ń pa wá lẹ́rìn-ín, ó ní oòrùn Ẹ̀pẹ́ ló pa Ẹyẹ wa, kí a fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Wọ́n fà á lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀.

Mò ń rí i láàárín àwọn aṣọ tí wọ́n ta sẹ́yìn ìtàgé. Wọ́n fi í jókòó sórí àga oníke, wọ́n ń da omi tútù sí i lórí, ẹnì kan ń fi páálí fẹ́ ẹ. Ohun tí àwa náà ṣe fún yín gẹ́lẹ́. Akọrin mìíràn ti gorí ìtàgé, àwọn èèyàn ti ń jó. Orin kan parí, òmíràn bẹ̀rẹ̀, mọ́tò tó máa gbé e lọ sí ọsibítù kò tíì dé. Mo wà níbẹ̀, mo di irin mú, mò ń wò ó. Kí ni mo lè ṣe, Dádì? Ṣé kí n fo irin náà ni? Ẹ̀ẹ̀mejì rèé tó ṣẹlẹ̀ lójú mi. Ti àkọ́kọ́, mi ò mọ̀ ọ́n. Ti ẹ̀ẹ̀kejì, mo mọ̀ ọ́n, kò sì já mọ́ nǹkan kan.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, a kọjá oríta tí wọ́n ń gbà lọ sí Èjìnrìn, níbi tí a sin yín sí. Mo ní kí awakọ̀ dúró. Ràṣídà di apá mi mú, ó ní, "Kí lo fẹ́ lọ sọ fún wọn ní ìrọ̀lẹ́ yìí?" Mi ò mọ̀. Ọkọ̀ kò tiẹ̀ dúró, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

Fídíò náà ti délé ṣáájú wa. Kúnlé wà ní pálọ̀, ó ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ti gé e kékeré, ó ti fi ìlù sí i, àwọn ọmọ ti ń fi "Àbẹ̀kẹ́, ṣí, ṣí, ṣí" jó kiri. Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo dá a dúró síbi tí ojú ti hàn dáadáa.

"Kúnlé, wo ẹnu ẹ̀."

Ó wò ó. Ó tún un wò. Ẹ̀rín kú lójú rẹ̀.

"Bíi ti Dádì," ló wí. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ, kò bá wa jẹun.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ìròyìn jáde pé Ẹyẹ Ọ̀sà wà ní ọsibítù, pé apá rẹ̀ ọ̀tún kò gbé, pé kò lè sọ̀rọ̀. Àwọn tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ náà ló tún gbé àwòrán rẹ̀ jáde, wọ́n fi àbẹ́là sí i, wọ́n ní kí gbogbo wa máa gbàdúrà. Ọmọ kan tí ijó "ṣí, ṣí" rẹ̀ tàn ká gbogbo ìlú ń sunkún nínú fídíò tuntun. Mi ò tiẹ̀ rí ẹni bínú sí. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn rẹ̀ bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Èmi náà ni mo sì ti bá wọn gbe ìlà yẹn, nígbà tí mo rò pé eré ni.

Lánàá ni obìnrin kan wá kọ̀wé sí mi lórí fóònù. Ó ní òun ni ẹ̀gbọ́n Ẹyẹ Ọ̀sà, ìyá kan náà ló bí àwọn. Ó ti rí mi nínú ọ̀kan nínú àwọn fídíò náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, tí mò ń na ìka sí ẹnu mi tí mò ń sunkún, ó sì wá mi títí ó fi rí ẹni tó mọ̀ mí. Ó ní, "Àbúrò, báwo lo ṣe mọ̀?"

Mo sọ nípa yín fún un. Mo sọ bí gbogbo nǹkan ṣe di "èyí" lẹ́nu yín lẹ́yìn rọpárọsẹ̀ náà, omi ni "èyí," Màámi ni "èyí," èmi náà ni "èyí," tí a bá sì gbé ohun tí ẹ kò fẹ́ wá, omi á kún ojú yín. Mo sì sọ ìkan tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀sán ọjọ́ kan tí Màámi jáde, ilé dákẹ́ jù, mo tan "Àbẹ̀kẹ́" lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn yín. Ẹ la ẹnu, ẹ kọ ìlà àkọ́kọ́ já, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé pérépéré, bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Mo fò dìde. Mo ní, "Dádì! Dádì, kí lorúkọ mi?" Ẹ wò mí, ẹ wá a títí. Ẹ ní, "Èyí." Mo tan orin náà títí bátìrì fi kú, ẹ ò kọ ọ́ mọ́.

Mo sọ fún obìnrin náà pé kí wọ́n máa kọrin fún un, orin tirẹ̀ gan-an. Ó súre fún mi, ó ní kí Ọlọ́run má fi ohun tí mò ń wá dù mí. Ó ní òun ka ọ̀rọ̀ mi sókè fún ìyá àwọn, ìyá sì bú sẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ náà, ó ti ń kọrin létí ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Nígbà wo ni Dádì ẹ wá padà sọ̀rọ̀ dáadáa?"

Mi ò tíì sọ fún un pé ẹ ti kú.

Ó ti rí i pé mo ti ka ọ̀rọ̀ òun. Mo kọ nǹkan, mo pa á rẹ́. Mo kọ òmíràn, mo pa ìyẹn náà rẹ́. Ní òwúrọ̀ yìí ó tún kọ̀wé: "Àbúrò, ṣé o wà níbẹ̀? Màámi wa ń bèèrè." Dádì, ìyá ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó ń dúró de èsì lọ́wọ́ mi. Kí ni kí n kọ sí i?

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín títí di òní.