Lẹ́tà Tí Ẹ Kọ Nípa Mi

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin,

Ẹ kú àjò o. Mo kí ọkọ yín, mo kí àwọn ọmọ. Orúnkún Màmá ti fúyẹ́, wọ́n ti ń dá gun àtẹ̀gùn. Yàrá yín kò jò mọ́.

Mo ti kàwé gboyè kejì, mo fi ọdún kan kọ́ṣẹ́ níléèwé lábẹ́ ọ̀gá, mo sì yege ìdánwò. Lẹ́tà ẹni tó mọ̀ mí dáadáa nìkan ló kù kí ìgbìmọ̀ tó fún mi níwèé ẹ̀rí tí màá fi máa tọ́jú ọkàn àwọn ọmọ iléèwé bí ẹ̀yin náà ṣe ń ṣe. Ẹ̀yin ni mo fẹ̀yìn tì.

Àná ni akọ̀wé wọn ka lẹ́tà yín sí mi létí: "Lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, ó sọ fún mi pé òun ń gbọ́ ohùn bàbá wa tó ti kú. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa." Wọ́n ti dá ìwé mi dúró. Ẹ tún wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ẹ fẹ́ràn mi. Ẹ ṣeun o! Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà.

Abẹ́ tábìlì ni mo ti sọ ọ́ fún yín, ẹ sì búra pé ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ òmíràn sí wọn. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé ohun tí ọmọdé bá finú hàn wá, a kì í gbé e jáde. Ọmọdé lèmi náà lọ́jọ́ yẹn.

Àbúrò yín ọkùnrin