Ọ̀rọ̀ Pẹ́pẹ́yẹ Tó Lé Leander Kúrò Nílé Ìwé

Cutler's Cove, Newfoundland,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún.

Rosalind, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ láti etí òkun tó ṣì tutù bíi ti àtijọ́. Mo gbà á ládùúrà pé orúnkún rẹ ti ń san, àti pé ara àwọn ọmọ-ọmọ rẹ le ní Toronto lọ́hùn-ún. Ara tèmi ń sọ fún mi pé mo ti dàgbà, èmi náà ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ìròyìn tó mú mi kọ̀wé ni pé wọ́n fẹ́ ti ilé ìwé wa pa lóṣù tó ń bọ̀. Kò sọ́mọ mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ti kó lọ sí Alberta, àwa tó kù kì í ṣe ẹni tó tún lè bímọ. Mo wọ inú gbọ̀ngàn eré ìdárayá lánàá, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àárò rẹ sì ń sọ mí gidi. Òórùn ibẹ̀ ò yí padà: rọ́bà, òógùn, ìbọ̀sẹ̀ tó rin.

Ṣé o rántí ìgbà tí wọ́n rán àwa méjèèjì wá síbẹ̀ láti kọ́ṣẹ́ tíṣà eré ìdárayá? Èmi ọmọ ìlú yìí, ìwọ ọmọ Toronto tó so fèrè mọ́rùn bí ọlọ́pàá. Wọ́n ti sọ fún wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì pé ẹni tí kò bá tètè le mọ́ ọmọ, ọmọ á gùn ún lórí. Ìwọ gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ Leander ṣẹlẹ̀, mo wà ní pápá pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin. Ò ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọkùnrin nínú gbọ̀ngàn bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n, Leander, ọ̀kan nínú wọn, ń fi tirẹ̀ lu ògiri, gbì, gbì, gbì. O ní kó dáwọ́ dúró. Ó dáwọ́ dúró, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dáa, pẹ́pẹ́yẹ mi." Ìwọ rò pé ìrìn ẹsẹ̀ rẹ ló fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. O lé e jáde, o ní kò gbọdọ̀ padà wọlé àfi tó bá wá tọrọ àforíjì. Nígbà tí mo bi ọ́, o kàn ní ọmọ kan bú ọ. Ojú ò jẹ́ kí o tún èébú náà pè. Ká ní o pè é ni, ǹ bá ti là ọ́ lójú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Leander ò mọ ohun tó fẹ́ tọrọ àforíjì lé lórí, kò sì padà wá. La bá gbọ́ pé Garland, bàbá rẹ̀, ti ra bàtà òjò fún un, ó ti ń bá a lọ sójú omi. Nígbà yẹn, ọmọ tó bá ti wọ ọkọ̀ apẹja, ìwé tiẹ̀ ti parí nìyẹn. O ní, "Verna, mo ti ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́."

A jọ sọ̀ kalẹ̀ lọ sétíkun. Garland ń tún àwọ̀n ẹja ṣe nínú ahéré rẹ̀, Leander jókòó tì í. Bàbá náà ò tilẹ̀ gbójú sókè tó fi ní, "Wọlé, pẹ́pẹ́yẹ mi, tíì ti hó." Mo rí bí ojú rẹ ṣe yí padà. Mo ní, "Gbogbo wa là ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí o. Wọ́n ń pe bíṣọ́ọ̀bù gan-an bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni." Garland rẹ́rìn-ín títí tí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo rò pé ẹ̀bẹ̀ nìkan lo máa bẹ̀. Ṣùgbọ́n o kọjú sí Leander, o ní, "Ti pẹ́pẹ́yẹ, èmi ni mo ṣì ọ́ gbọ́, má bínú. Ti bọ́ọ̀lù tí ò ń gbá mọ́ ògiri nígbà tí mò ń sọ̀rọ̀, ìwọ lo jẹ̀bi. Ní Mọ́ńdè, ìwọ lo máa fẹ́ atẹ́gùn sí gbogbo bọ́ọ̀lù." Garland ní, "Ẹ̀ṣẹ̀ tó yé mi nìyẹn. Ó yá, dá tíṣà ẹ lóhùn." Ọmọ náà kàn tẹrí ba, ó ń ká okùn lọ.

Nígbà tí a dé gbọ̀ngàn ní Mọ́ńdè, ó ti jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú pọ́ńpù, bàtà òjò rẹ̀ ń rùn fún ẹja, ó ti fẹ́ atẹ́gùn sí bíi ìdajì àwọn bọ́ọ̀lù náà. O kí i, o kọjá lára rẹ̀, o wọ yàrá tí a ń kó nǹkan sí, o bú sẹ́kún. Èmi ni mo di ilẹ̀kùn mú kí àwọn ọmọ má baà rí ọ.

Leander kàwé dé òpin, Rosalind. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe tíṣà lẹ́yìn tí o lọ, bí ọmọ bá ṣẹ̀ mí, mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi pé: ṣé pẹ́pẹ́yẹ ni, àbí bọ́ọ̀lù? Lọ́pọ̀ ìgbà, pẹ́pẹ́yẹ ni.

Jọ̀ọ́, máa bọ̀ kí wọ́n tó ti ilé ìwé náà pa. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí wa sí títí a ó fi rí ara wa, kí ẹsẹ̀ rẹ gbé ọ débí láyọ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí a jọ kọ́ṣẹ́,
Verna Pardy.

Mo gbàgbé: Leander ní òun lòun máa wá pàdé rẹ nígbà tí ọkọ̀ ojú omi bá gúnlẹ̀. Ó ti sanra, irun orí ẹ̀ ti tán. Má máa fojú wá ọmọdé o. Sì mú súẹ́tà tó nípọn dání.