Ihò Tí Wọ́n Gbẹ́ De Àwáwù

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní kí n kó ara mi níjàánu, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí: mo ṣẹ́ Bàbá Kékeré, àbúrò ọkọ yín, lápá.

Ọ̀rọ̀ Àwáwù ló dà á sílẹ̀. Látìgbà tí ibà ti sọ àbúrò mi di ẹni tí kò lè rìn, tí kò lè sọ̀rọ̀, ẹ̀yin lẹ ń fi etí ìró yín nu itọ́ ẹnu rẹ̀. Bí ebi bá ń pa á, etí yín ló máa ń fà. Nígbà tí ẹ kú, etí tèmi ló bọ́ sí i lọ́wọ́.

Lóṣù tó kọjá, gìrì kọlù ú. Ó gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ, ẹ̀jẹ̀ bo àyà rẹ̀. A gbé e láti ilé ní Ìrókò lọ sí ọsibítù nígboro. Wọ́n so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́fun, ẹ̀rọ sì ń bá a mí. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹfà, dókítà pe èmi àti Bàbá Kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà. Ó ní arọ ṣáà ni tẹ́lẹ̀, bó bá tiẹ̀ jí, yóò burú ju bó ṣe wà lọ. Ṣé kí àwọn yọ ẹ̀rọ náà kó lè sinmi? Bàbá Kékeré ní kí wọ́n yọ ọ́. Kò dúró wò ó. Ó wọ mọ́tò lọ sílé, torí òkú mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀.

Wọ́n yọ ọ́. Ìyá mi, Àwáwù ò kú! Ó wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, ó mí fúnra rẹ̀, ó ń mí lọ. Nígbà tó di ọ̀sán tí kò dáwọ́ dúró, mo wọ mọ́tò tó ń gba Mónìyà kọjá, mo ń sunkún ayọ̀ bọ̀ wá sílé ní Ìrókò.

Ẹ̀gbẹ́ sàréè yín ni mo ti bá Bàbá Kékeré àti àwọn ará ilé, wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ de Àwáwù. Ihò ti jìn dé àyà. Mo sọ fún Bàbá Kékeré pé ọmọ wà láàyè. Kò tiẹ̀ gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀.

“Ta ló máa máa nu itọ́ ẹnu ẹ̀?” Ohun tó bi mí nìyẹn.

Mo já ṣọ́bìrì náà gbà, mo fi là á lápá ọ̀tún, mo gbọ́ bí egungun ṣe dá. Ó ṣubú sínú ihò. Mo bẹ́ lé e, mo ń fi ẹ̀ṣẹ́ lù ú lẹ́nu títí eyín rẹ̀ fi ya mí níka, iyẹ̀pẹ̀ pọ́n fún ẹ̀jẹ̀. Èmi obìnrin, àkọ́bí yín! Ìró já nídìí mi, n kò mọ̀. Bí kì í bá ṣe àwọn ará ilé tó fà mí jáde, òun là bá sin. Kò dùn mí pé mo lù ú, n kò ní purọ́ fún yín.

Àwọn àgbà ní ihò tí a bá ti gbẹ́ kì í wà lófìfo, ni wọ́n bá gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sin síbẹ̀. Ẹ má bínú sí àlejò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Àwáwù ti délé. Ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lóòótọ́, dókítà ò purọ́. Bàbá Kékeré náà ò lè gbé òkèlè dẹ́nu mọ́, ìyàwó rẹ̀ ló ń fi í sí i lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó gbẹ́ ilẹ̀ dè é.

Ó ku ọ̀kan tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn tí Bàbá Kékeré sọ̀rọ̀ tán lọ́jọ́ náà, dókítà yíjú sí mi. Ó ti rẹ̀ mí, ìyá mi. Mo mi orí pé kí wọ́n yọ ọ́. Ojú Àwáwù sì là sílẹ̀. Ṣé ó rí mi? Ṣé torí ẹ̀ ni mo ṣe lu bàbá yẹn bẹ́ẹ̀? Kí lẹ̀yin ìbá ṣe?

Láàárọ̀ yìí, ó na ọwọ́, ó di etí mi mú, ó fà á títí ó fi bó. Mo jẹ́ kó fà á. Lẹ́yìn náà ni mo lọ po ògì rẹ̀.

Èmi ọmọ yín,
tó ń nu itọ́ ẹnu rẹ̀.