Fíláàsì Fermín

Nélida, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara le? Ṣé ìlú Kọ́rdóbà ò fojú pọ́n ọ? Kí Wúńdíá Màríà máa ṣọ́ ọ nídìí iná tí ò ń dúró tì. Èmi àti ìyá rẹ wà láàyè, àwọn ewúrẹ́ náà wà, àfi èyí tó jẹ bàtà ọ̀tún mi, ìyẹn ti wọ ìkòkò.

Ìyá rẹ ròyìn ohun tí o sọ lórí fóònù fún mi. Ó ní níbi iṣẹ́ ìwádìí yín, ẹ ń mú gáàsì gbóná nínú páìpù ju ààrò èédú wa lọ, ẹ wá ń tan ìmọ́lẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní lésà sí i, èérún gáàsì á sì là sí méjì bí igi gbígbẹ. Ó ní èyí tó tutù kì í là, ìmọ́lẹ̀ á kàn gba inú rẹ̀ kọjá ni, ṣùgbọ́n èyí tó gbóná, ìgbóná ti ń gbọ̀n ọ́n tẹ́lẹ̀, kì í pẹ́ là. Kò yà mí lẹ́nu, ogójì ọdún ni mo fi sun èédú.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ò jẹ́ kí n rí oorun ọ̀sán sùn mọ́. Gáàsì olóró tó jáde nínú ààrò tó bá Fermín ẹ̀gbọ́n rẹ lórí ibùsùn, tó pa á sójú oorun, ó ti tutù kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lésà yín ò ní í rí irú ìyẹn là. Nítorí náà, inú ààrò gan-an ni ká ti ká a mọ́, nígbà tó ṣì gbóná, ká da ìmọ́lẹ̀ yín sí i kó là. Mo ti lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ ààrò, ó gba ẹnu fíláàsì. Láti ọjọ́ tí a ti sin ọmọ yẹn, ọdún méjì rèé, mi ò dáná síbẹ̀. Ìyá rẹ ní àfi tí Nélida bá ní kò séwu.

Fíláàsì tí Fermín fi ń mu tíì maté ni Rufino awakọ̀ bọ́ọ̀sì ń gbé bọ̀ yẹn. Ìyá rẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Omi àárọ̀ ṣì máa ń gbóná nínú rẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó máa gbé ìmọ́lẹ̀ délé. Bu díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ lésà yẹn sí i, má bù ú tán, kí ọ̀gá yín má bàa bínú, kó o sì dé e dáadáa.

Tí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra ewé maté, tiwa ti tán. Ọlọ́run á jẹ́ kó o pẹ́ láyé ju àwa méjèèjì lọ, ojú wa ò ní í rí irú èyí mọ́.

Tí ìmọ́lẹ̀ yẹn ò bá sì ṣeé bù, má sunkún. Gbé fíláàsì náà lófìfo, kó o wọ bọ́ọ̀sì wá, kó o dúró tì mí lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ ṣáná sí ààrò.

Èmi ni bàbá rẹ,
Eleuterio