Ṣúgà Inú Olú àti Ẹ̀jẹ̀ Adìẹ

Àdìsá ọmọ mi, kí lẹ́tà yìí bá ọ láyọ̀ ní àdúgbò Maourey tí o ń gbé. Ṣé ara le, ṣé oòrùn Niamey ò pọ̀ jù? Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ ní ìlú onílùú. Èmi ìyá rẹ wà, òjò ti dé, olú sì ti hù sí ìdí gbogbo igi tó ti jẹrà.

Tíṣà Ọlálékan ló ka lẹ́tà rẹ fún mi, òun náà ló ń bá mi kọ eléyìí. Ó ní o sọ pé níbi tí ẹ ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ẹ rí i nínú ìwé àwọn ará Jàpáànù pé ṣúgà kan wà nínú olú tí kì í dùn lẹ́nu, tó sì ń jí àwọn ṣọ́jà inú ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n lè bá àìsàn jà. Ó yà mí lẹ́nu. Ṣúgà tí kì í dùn! Ṣọ́jà ń ṣèjọba lọ́dọ̀ yín, wọ́n ń ṣe é lọ́dọ̀ wa, wọ́n tún wọnú ẹ̀jẹ̀. Ta ló fi wọ́n síbẹ̀? Ṣé owó òkúta yureníọ̀mù tí wọ́n ń wà nílẹ̀, tí wọ́n ní ó ti sọ ìlú yín di olówó ni wọ́n fi ń bọ́ wọn?

O mọ̀ pé ibà kì í jìnnà sí Kúbúrátù ọmọ rẹ tí o fi sọ́dọ̀ mi. Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ olú báyìí, mo ní kí Tíṣà dá ìwé kíkà dúró níbẹ̀, mo gba oko lọ. Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi se olú fún un, ara rẹ̀ ń gbóná síbẹ̀. Mo wá ní kí n fojú ara mi rí i bí ẹ ti ń rí i nínú gíláàsì yín. A pa adìẹ, ẹ̀jẹ̀ tí a máa ń bò mọ́lẹ̀, mo gbè é sínú ife, mo da omi olú lé e, mo jókòó tì í láti ìrun alásárì títí wọ́n fi pe mọ̀gàríbì. Ṣọ́jà kankan ò mira. Ẹ̀jẹ̀ kàn dì ni. Ṣé adìẹ ò ní ṣọ́jà ni, àbí wọ́n ti sá nígbà tí wọ́n rí ọ̀bẹ?

Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, mo bá pe Tíṣà padà. Ó ka ojú ewé kejì tí n kò jẹ́ kó kà. O ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé inú gíláàsì àti lára eku ni wọ́n ti rí i, pé ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ bóyá olú inú ọbẹ̀ lè ṣe é fún èèyàn, pé bí ibà bá ti kọjá ọjọ́ kejì, kí n gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Ìkánjú mi ló jẹ ọjọ́ mẹ́wàá ọmọ yìí. Má bínú sí mi.

Lọ́la la ó gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ àti owó abẹ́rẹ́ tí mo yá rán Sàláúdéènì aláṣọ tó ń bọ̀ wálé. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ, má fi ránṣẹ́, fi wọkọ̀ wálé. Láti àná, bí ibà bá ti gùn ún, kì í pè mí mọ́, ìwọ ló ń pè.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ lọ́nà, yóò sì jẹ́ kí o dé bá a lórí ìdúró. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, Àsíátù.